Ọkọ̀ Òfuurufú Kékeré Nínú Gbọ̀ngàn: Ẹ̀kọ́ Nípa Yíyẹ Iṣẹ́ Ara Ẹni Wò

Ó ṣọ̀wọ́n kí á rí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà tí àwọn ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní gbọ̀ngàn. Níbẹ̀ ni a ti ń gbàdúrà òwúrọ̀, níbẹ̀ ni a ti ń ṣe ìdánwò, níbẹ̀ náà ni a sì ti ń péjọ ní ọjọ́ àjọ̀dún. Àwọn tí ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ro ti ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí wọ́n ń gbé òrùlé rẹ̀ ga. Síbẹ̀, òrùlé gíga, ilẹ̀ gbalasa àti ògiri tí ó dínà mọ́ ìjì ni ohun tí àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ń wá kiri ní gbogbo àgbáyé.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí eré náà jẹ́, ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, bí a ṣe lè fi ìgbálẹ̀, ọ̀rá àti rọ́bà ṣe é, àti ìdí tí a fi gbà pé ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa gbà á wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ni a óò máa padà sí: nínú gbọ̀ngàn, kò sí ìjì tí a lè di ẹ̀bi rù.

Kí ni eré yìí?

Ọkọ̀ tí à ń sọ kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní bátìrì. Àwọn kan kò ní agbára kankan ju pé kí a fi ọwọ́ jù wọ́n sílẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní rọ́bà tí a lọ́ pọ̀. Bí rọ́bà náà bá ti ń tú díẹ̀díẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ ń yí. Àjọ eré òfuurufú àgbáyé tí à ń pè ní FAI, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1905, ti ṣe òfin fún wọn. Nínú ìsọ̀rí tí ó ń jẹ́ F1D, apá ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 55 lọ láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ara ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 1.4 lọ, rọ́bà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 0.4 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa wọn èyí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ìdì bébà A4 pé bébà náà jẹ́ gíráàmù 80 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Ewé kan gùn ní mítà 0.297, ó sì fẹ̀ ní mítà 0.21. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, tí a sì fi 80 sọ èsì di púpọ̀, a ó rí i pé ewé kan wúwo tó gíráàmù 5. Ọkọ̀ F1D pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ lè jẹ́ gíráàmù 1.8 péré. Ìyẹn ni pé kò wúwo tó ìdajì ewé bébà kan. Síbẹ̀, ní ọwọ́ àwọn ògbóǹtarìgì, ó lè wà lókè ju ìṣẹ́jú 30 lọ, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ a sì máa yí jẹ́jẹ́ débi tí ojú lè máa tẹ̀lé e.

Ìdíje àgbáyé fún irú ọkọ̀ yìí ti wáyé ní Slănic ní orílẹ̀-èdè Romania, nínú ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti wa iyọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti lo àwọn ilé ràgàjì tí a kọ́ ní Cardington fún ọkọ̀ òfuurufú onígáàsì ayé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n wá lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀.

Inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe eré yìí ní eré ọmọdé lásán. Ní ọdún 1871, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, Alphonse Pénaud, fi rọ́bà tí a lọ́ mú ọkọ̀ kékeré kan fò ní ìlú Paris fún ìṣẹ́jú àáyá 11. Ní ọdún 1878, Bíṣọ́ọ̀bù Milton Wright ti ìjọ United Brethren ní Amẹ́ríkà mú ohun ìṣeré kan tí a ṣe ní ọ̀nà Pénaud wá sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Wilbur àti Orville. Èèpo igi fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, ọparun, bébà àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ọmọ náà rò pé yóò já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fò kọjá nínú yàrá, ó kan àjà, ó gbọ̀n pẹ́pẹ́ níbẹ̀, kí ó tó wá sílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní àdán.

Nígbà tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ, kò fò dáadáa. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Bí a bá sọ gígùn, ìbú àti nínípọn ohun kan di ìlọ́po 2, fífẹ̀ apá rẹ̀ yóò di ìlọ́po 4, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò di ìlọ́po 8. Ìwúwo ń sáré ju apá lọ. Ìdí nìyí tí kòkòrò fi ń fò láìsí wàhálà, tí àwọn ẹyẹ ńlá kan sì gbọ́dọ̀ sáré kí wọ́n tó gbéra.

Àwọn ọmọ bíṣọ́ọ̀bù náà dàgbà. Ní ọdún 1900 àti 1901, wọ́n gbé ọkọ̀ aláìlẹ́ńjìnnì lọ sí iyanrìn Kitty Hawk, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò gbé ẹrù tó bí ìṣirò àwọn tí ó ṣáájú wọn ti wí. Kàkà kí wọ́n máa méfò, wọ́n padà sínú ilé, sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọn ní ìlú Dayton. Wọ́n kan àpótí gígùn kan, wọ́n fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó dọ́gba gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dán àwòṣe apá kéékèèké bí 200 wò níbẹ̀ ní apá ìparí ọdún 1901. Nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti mọ ohun tí iyanrìn etíkun kò lè sọ fún wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì wọn gbéra fún ìṣẹ́jú àáyá 12, ó sì lọ jìnnà tó nǹkan bíi mítà 37.

Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá ní okùn tín-ín-rín kan tí ó so ó mọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1855 ni míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, Thomas Jefferson Bowen, dé ìlú náà. Ní ọdún 1858, ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni Wilbur Wright kọ lẹ́tà sí ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1899, láti béèrè ìwé tí ó lè kọ́ ọ ní ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ nípa fífò. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni ọkọ̀ ọdún 1903 wà láti ọdún 1948. Àwọn tí ó fi sùúrù kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ àti àwọn tí ó fi sùúrù dán apá ọkọ̀ wò, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n kàn.

Ìdí tí a fi wọ inú ilé

Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti ìhà Sàhárà a máa fẹ́ káàkiri Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìgbà òjò, ìjì a máa ṣáájú òjò. Ọkọ̀ tí kò wúwo tó ewé bébà kan kò lè dúró níwájú èyíkéyìí nínú wọn. Bí ó bá sì já lulẹ̀ ní pápá, ta ni yóò mọ̀ bóyá apá rẹ̀ ni ó wọ́, tàbí ìjì ni ó gbá a?

Àwọn àgbà wa sọ pé afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Nínú gbọ̀ngàn, òwe náà yí padà: àìsí afẹ́fẹ́ ni ó ń tú àṣírí. Bí ọkọ̀ bá yà sí ọ̀tún, ọwọ́ wa ni ó yà á. Bí ó bá dorí kodò, ìwọ̀n wa ni kò pé. Ohun gbogbo tí ọkọ̀ náà ṣe, ara iṣẹ́ ẹni tí ó kàn án ni ó ti wá. Ẹ̀kọ́ tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Gálátíà nípa yíyẹ iṣẹ́ ara ẹni wò kò jìnnà sí èyí.

Agbára mẹ́rin ni ó ń bá ọkọ̀ ní òfuurufú. Òòfà ilẹ̀ ń fà á sílẹ̀. Apá rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e sókè. Abẹ̀bẹ̀ ń fà á síwájú. Afẹ́fẹ́ tí ó ń là kọjá ń fà á sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí kò ní abẹ̀bẹ̀ kò ní ohun tí ń fà á síwájú. Ìdí nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ tí ń yí lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe é

A kò nílò igi balsa tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ohun tí a ó lò ni ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọparun, gọ́ọ̀mù, rọ́bà tín-ín-rín, wáyà tí wọ́n fi ń mú bébà pọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan àti kọ́ọ̀pù oníke kan. Ìwọ̀n tí a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí kì í ṣe òfin. Ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni.

1. Ara ọkọ̀: a ó la ọparun gbígbẹ, a ó sì fá a títí yóò fi tín-ín-rín, kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35. Kò gbọdọ̀ wọ́.

2. Apá: a ó to ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àlàfo àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. A ó fi ẹyọ kéékèèké márùn-ún dá wọn lábùú. A ó rọra ṣẹ́ méjèèjì ní àárín láìjẹ́ kí wọ́n já, a ó gbé ṣóńṣó apá méjèèjì sókè díẹ̀, a ó sì fi gọ́ọ̀mù mú ojú ṣíṣẹ́ náà le. Gbígbé sókè yìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan dànù.

3. Ìrù: a ó ṣe férémù kan bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ní sẹ̀ǹtímítà 16 sí 8, a ó sì fi èyí tí ó kéré jù ú lọ dúró ṣánṣán lórí rẹ̀.

4. Awọ: a ó tẹ́ ọ̀rá lé orí férémù, a ó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ mú un, a ó sì gé etí rẹ̀ kúrò. Kò yẹ kí ọ̀rá le dandan. Bí ó bá fà jù, yóò wọ́ igi.

5. Abẹ̀bẹ̀: a ó gé ewé méjì láti ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù oníke, a ó sì so wọ́n mọ́ orí igi kékeré kan, kí ọ̀kan dagun síhìn-ín, kí èkejì dagun sọ́hùn-ún. Wáyà yóò gba àárín rẹ̀ kọjá, ìlẹ̀kẹ̀ yóò sì wà láàárín òun àti ara ọkọ̀ kí ó lè máa yí láìfararo.

6. Rọ́bà: a ó fi kọ́ ìkọ́ wáyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, lábẹ́ ara ọkọ̀.

A ó fi rọ́bà kékeré mìíràn so apá mọ́ ara ọkọ̀, kí a lè máa sún un síwájú tàbí sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé ọkọ̀ lé orí ìka méjì lábẹ́ apá. Ibi tí ó ti dọ́gba yẹ kí ó wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìbú apá, láti iwájú.

Gọ́ọ̀mù púpọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ̀kán kan ti tó níbi tí ọmọdé yóò fẹ́ da mẹ́ta sí. Àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ mọ irú sùúrù yìí: wọn a máa yọ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ohun tí ọ̀bẹ bá ti gé kúrò kì í padà mọ́.

Àyẹ̀wò àti àtúnṣe

Kí á tó lọ́ rọ́bà rárá, ó yẹ kí á kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀ ní òfìfo. A kì í sọ ọ́ bí òkò. A máa ń rọra tì í lọ ni, kí imú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a fi agbára mú ní í ni ni lára.

Bí ó bá dorí kodò, imú ti wúwo jù: ẹ sún apá síwájú díẹ̀, tàbí kí ẹ tẹ ẹ̀yìn ìrù sókè díẹ̀. Bí ó bá gbé imú sókè, tí ó dúró, tí ó sì jábọ́, imú ti fúyẹ́ jù: ẹ sún apá sẹ́yìn, tàbí kí ẹ fi amọ̀ bíńtín sí imú. Bí ó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan burúkú, ẹ kọ́kọ́ wo apá láti ẹ̀yìn bóyá ó lọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìrù. Nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ lọ́ rọ́bà ní ìgbà 50, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ́ ọ ní ìgbà 100. Ó dára kí ó máa yípo díẹ̀ sí òsì, kí ó má baà kọlu ògiri.

Òfin kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ yẹ̀: ohun kan ni kí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó sún apá, tí ó tẹ ìrù, tí ó sì fi amọ̀ sí imú ní ìgbà kan náà, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá fò dáadáa, kò ní mọ èyí tí ó ràn án lọ́wọ́.

Ìwọ̀n àti ìṣirò

Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀. Kí a sọ pé a jù ọkọ̀ aláìní rọ́bà sílẹ̀ láti ibi tí ó ga ní mítà 2, tí ó lọ jìnnà ní mítà 12, tí ó sì lo ìṣẹ́jú àáyá 4. Bí a bá fi 2 pín 12, a ó rí 6: fún mítà kan tí ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ síwájú ní mítà 6. Bí a bá fi 4 pín 12, a ó rí i pé ó ń lọ ní mítà 3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi 4 pín 2, a ó rí i pé mítà 0.5 ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìfò kan kò tó láti fi dá ẹjọ́. Bí ìfò márùn-ún bá jẹ́ 3, 4, 4, 5 àti 4, àpapọ̀ wọn jẹ́ 20, àárín wọn sì jẹ́ 4. Kí á kọ 3 náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti kọ 5.

Ìtọ́jú gbọ̀ngàn

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé. Ẹ pa fáànù, ẹ sì ti fèrèsé. Níbi eré yìí, bí iná bá lọ, kì í ṣe àdánù. Òwúrọ̀ ni ó dára jù, nítorí pé nígbà tí oòrùn bá ti mú páànù òrùlé gbóná, afẹ́fẹ́ inú ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Kí ẹni kan ṣoṣo máa jù ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn yòókù jókòó jẹ́ẹ́, nítorí ìrìn ènìyàn pàápàá ń ru afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá há sí orí igi àjà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun àga lé àga láti mú un. Òmíràn kò ní ṣòro láti ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kò ní ìpààrọ̀.

Ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó lè ka orúkọ agbára mẹ́rin náà lórí láìrí iṣẹ́ wọn rí. Ìyẹn burú, ṣùgbọ́n ohun tí ó burú jù ú lọ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ èsì àyẹ̀wò tí kò ṣe, tí ó ń wo ti ẹnìkejì rẹ̀, tàbí tí ó ń mú iye kan bá ohun tí olùkọ́ ń retí mu, ti ń kọ́ iṣẹ́ irọ́ nínú iyàrá ìmọ̀. Láti ibẹ̀ sí ìwà èrú nínú ìdánwò, ìgbésẹ̀ kan péré ni. Ìwàásù nìkan kò tíì lè wo àrùn yìí sàn.

Ọkọ̀ kékeré ní inú gbọ̀ngàn kò mọ orúkọ baba ẹnikẹ́ni. Kò gba ẹ̀bẹ̀, kò sì gba owó. Ọmọ tí ó sọ pé apá òun dọ́gba yóò jù ú sílẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ náà yóò sì jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ kò ní pẹ́, nítorí pé àtúnṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ju kí ó tẹ ìrù sókè bíńtín lọ. Ọmọ tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan pé jíjẹ́wọ́ àṣìṣe ni ọ̀nà tí ó yá jù lọ sí àtúnṣe, yóò nira kí ó tó tún fẹ́ràn irọ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń rọ àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kí wọ́n fún eré yìí ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Kò gba owó púpọ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, Yunifásítì Àjàyí Crowther sì wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 2005. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí a ó rán lọ síbẹ̀ ti fi ọwọ́ ara wọn wá òótọ́ rí. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú méjèèjì bá sì lè máa pàdé ní gbọ̀ngàn ara wọn, lọ́dún yìí ní Ọ̀yọ́, lọ́dún tí ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdíje náà yóò dùn, kò sì ní sí ẹni tí yóò lè sọ pé adájọ́ ṣe ojúsàájú.

Ìbéèrè fún àyẹ̀wò

1. Ọkọ̀ kan bọ́ láti mítà 1.5, ó sì lọ jìnnà ní mítà 6. Mítà mélòó ni ó lọ síwájú fún mítà kan tí ó sọ̀ kalẹ̀?

2. Bí a bá sọ gígùn, ìbú àti nínípọn ọkọ̀ kan di ìlọ́po 3, ìlọ́po mélòó ni fífẹ̀ apá rẹ̀ yóò dà? Ìlọ́po mélòó sì ni ìwúwo rẹ̀?

3. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí á tún ohun méjì ṣe ní ìgbà kan náà?

4. Ẹ dárúkọ ibòmíràn nínú ìgbé-ayé akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti máa ń dá ìjì lẹ́bi fún ohun tí ọwọ́ wa ṣe.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí kì í kánjú àti ojú tí kì í sá fún òótọ́. Kí ó sì mú ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ́. Àmín.